OMI TÓ Ń JẸ ILÉ: Ẹ WÁ ORÍSUN RẸ̀ KÍ Ẹ TÓ RA SÌMẸ́ŃTÌ



Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, irú ìwé ẹ̀yáwó kan máa ń pọ̀ lórí tábìlì ìgbìmọ̀ wa. Ẹni tó kọ ọ́ á ní òun fẹ́ tún ilé ṣe. Tí a bá bi í pé kí ló ṣe ilé, á ní ògiri ń rin, ọ̀dà ń bó, sìmẹ́ńtì ń já bọ́ nísàlẹ̀, òun fẹ́ tún un rẹ́, kí òun sì tún un kùn. A ó fún un lówó. Lọ́dún kejì ìwé ẹni kan náà á tún dé, fún ògiri kan náà. Àwọn kan wà nínú wa tí wọ́n ti jẹ gbèsè ẹ̀ẹ̀mẹta lórí ògiri kan ṣoṣo, wọ́n sì san án pé, ṣùgbọ́n ògiri náà kò tíì gbẹ títí di òní. Ẹgbẹ́ kò pàdánù kọ́bọ̀. Ohun tó ń dùn wá ni pé owó iléèwé ọmọ àti owó oko ló ń wọ inú ògiri lọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kó yé wa lóṣù yìí kò ju ọ̀kan lọ. Ibi tí ẹ ti rí omi lára ògiri kì í sábà jẹ́ ibi tí omi náà gbà wọlé. Nínú ilé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń gbé, ìbáà ṣe ilé ẹbí tí bàbá fi sílẹ̀, ìbáà ṣe ilé àwọn ayálégbé tí yàrá wọn kọjú síra, omi lè wọlé lórí yàrá Lágbájá, kó rìn kọjá lórí yàrá Tàmẹ̀dù, kó tó wá já sí yàrá ẹnì kẹta. Nítorí náà, ẹnì kan kò lè dá a wá, bó ti wù kó lówó tó.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ká mọ bí omi tí à ń sọ ṣe pọ̀ tó. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kò jìnnà sí òkun, òjò tiwa kì í ṣe ẹgbẹ́ òjò òkè ọ̀hún. Ní Òkìtìpupa àti agbègbè rẹ̀, òjò ọdún kan a máa tó mílímítà 2,000, nígbà mìíràn a sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú ilé kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 30. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀ tó mílímítà 50, omi tó máa já lórí páànù ilé yẹn nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 7,000, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù ńlá bíi 35. Òjò ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn o! Bí kò bá sí gọ́tà lẹ́nu páànù, ìdí ògiri ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. Ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn ilé wa láti Ìkọ̀yà títí dé Òde-Ayé, ẹ ó rí àmì pupa kan tó ga tó orúnkún lára ògiri. Ilẹ̀ pupa tí ọ̀ṣọ̀rọ̀ ń ta sókè ni. Orúkọ Òkìtìpupa kò parọ́. Òkìtì pupa náà ló ń gun ara ilé wa.

Àwọn bàbá wa mọ ohun tí òjò yìí lè ṣe. Ilé alámọ̀ tí wọ́n kọ́, wọ́n máa ń jẹ́ kí òrùlé rẹ̀ yọ síta dáadáa, kó sì wálẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ga ní láti tẹríba kó tó wọlé. Òjò kò rí ògiri kàn. Wọ́n á tún mọ pèpéle sí ìdí ògiri níta. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìjókòó nìkan ni pèpéle wà fún, ṣùgbọ́n ó ń gba ìyà òjò fún ògiri pẹ̀lú. Bí pèpéle bá jẹ, wọ́n á tún un mọ, ògiri á sì wà bó ṣe wà. Nígbà tí páànù dé, a gé òrùlé kúrú kí páànù má baà pọ̀ jù, a sì wó pèpéle kí ilé lè rí bíi ti ìlú ńlá.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká kọ́ bí a ṣe ń ka àmì tí omi fi sílẹ̀, nítorí gíga ibi tó wà ló ń sọ ibi tó ti wá.

Èyí tó ń dààmú wa jù ni omi tó ń ti ilẹ̀ gòkè. Ọ̀pọ̀ kì í gbà á gbọ́, torí gbogbo wa mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni omi ń ṣàn sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo òwú àtùpà. Kẹrosíìnì wà nísàlẹ̀, iná wà lókè, òwú ló sì ń fa kẹrosíìnì lọ bá iná. Búlọ́ọ̀kù àti amọ̀ kún fún ihò tíntìntín bí òwú náà. Tí ẹsẹ̀ wọn bá ti wà nínú ilẹ̀ tútù, wọ́n á máa fa omi. Kì í sábà ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, nítorí bó ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́. Níbi tó bá dúró sí, á fi ìlà kan sílẹ̀ tó lọ gbọọrọ, bí ìlà tí odò ń fi sára òpó afárá nígbà tó bá fà. Lẹ́bàá ìlà náà ẹ ó rí ohun funfun kan bí iyọ̀. Iyọ̀ ni lóòótọ́. Omi ló kó o láti inú ilẹ̀ àti inú yanrìn. Omi gbẹ, iyọ̀ ṣẹ́kù.

Iyọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ burú ju omi lọ. Bí ẹ tilẹ̀ dí ọ̀nà omi pa, iyọ̀ tó ti wọ ara ògiri á tún máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ inú ike ní ilé ìdáná ṣe máa ń rin nígbà òjò. Ìdí nìyí tí rírẹ́ sìmẹ́ńtì tuntun lé ti àtijọ́ lórí kì í fi pẹ́ bó. Ẹ ní láti họ ti àtijọ́ kúrò títí dé ara búlọ́ọ̀kù, kí ẹ họ ọ́ kọjá ibi tí àmì ga dé ní ẹsẹ̀ bàtà kan ó kéré tán. Ohun tí ẹ bá họ, ẹ kó o dànù, ẹ má pò ó mọ́ yanrìn tuntun nítorí àtifowó pamọ́. Ẹni tó bá sì lọ kó yanrìn etí òkun tí a kò fọ̀ wá rẹ́lé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé iyọ̀ wọlé ni.

Nínú ilé tuntun, ohun tó ń dínà omi ilẹ̀ ni dámpù-próòfù tí bíríkìlà máa ń tẹ́ sórí ìpìlẹ̀ kí ògiri tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ìbáà ṣe ọ̀rá líle, ìbáà ṣe èyí tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú ṣe. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé. Ó gbọ́dọ̀ fi ínṣì mẹ́fà ga ju ilẹ̀ ìta lọ ó kéré tán. Ibi tí wàhálà wà nìyẹn, nítorí ilẹ̀ ìta kì í dúró sójú kan. Wọ́n á gréèdì títì, wọ́n á kó yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ti ilé. Ẹnì kan á kún àgbàlá kí ọkọ̀ rẹ̀ lè wọlé, ẹlòmíràn á da kọnkéré lé e. Lẹ́yìn ogún ọdún, ilẹ̀ ìta á ti ga ju dámpù lọ, omi á sì fò ó kọjá bí ọmọdé ṣe ń fo gọ́tà.

Ògiri amọ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ní tirẹ̀, ẹ máa ṣọ́ ọ lójú méjèèjì. Sìmẹ́ńtì le, amọ̀ rọ̀, wọn kì í wú bákan náà, wọn kì í sì í sún kì bákan náà. Sìmẹ́ńtì á sán, òjò á gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní rọrùn fún un láti jáde mọ́. Níta, ògiri á máa dán. Nínú, amọ̀ á máa rọ̀ bíi pupuru tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ ló máa ń dédé wó lóru ọjọ́ òjò. Tí ẹ bá fi ìka kàn án tó ń dún bí agogo òfìfo, tàbí tí ẹ rí i pé ògiri ti yọ ikùn, ẹ má dúró de ìpàdé ẹgbẹ́, ẹ má sì kọ ìwé ẹ̀yáwó kankan lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ́kọ́ kó àwọn tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Omi tó bá ń ti òkè wá, àjà ló kọ́kọ́ ń fi hàn, pẹ̀lú àmì roboto aláwọ̀ bíi tíì tó gbẹ sídìí ife. Ẹ má rò pé ọ̀gangan àmì náà ni ihò wà. Omi á gba ihò ìṣó wọlé lókè, á lẹ̀ mọ́ abẹ́ igi òrùlé, á máa yọ́ rìn lọ títí á fi kan oríkèé igi tàbí ìṣó mìíràn, níbẹ̀ ni á ti já. A ti rí ilé tí omi ti ń já sí yàrá kẹta tó jẹ́ pé orí yàrá kẹfà ni ihò wà. Ẹni yàrá kẹfà ní tòun gbẹ, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba yàrá òun gun àjà! Kápíńtà tó bá kan ìṣó sínú kòtò páànù dípò orí òkè rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn fún òjò, nítorí inú kòtò ni omi ń gbà. Rọ́bà ìdí ìṣó pàápàá a máa gbó kí páànù tó gbó. Àwọn ilé ìgbàlódé tó fi ògiri yí òrùlé ká, tí wọ́n ń pè ní párápẹ́ẹ̀tì, a kò ní tan yín, wọn kò wù wá fún òjò ilẹ̀ yìí. Inú ni gọ́tà wọn wà. Bí ewé bá dí i, omi kò ní ibòmíràn tí á lọ àfi inú ògiri. Ẹni tó bá ti kọ́ ọ kọjá, kó máa gun òkè lọ kó ewé.

Àmì tó bá wà láàárín ògiri, tí kò kan òkè, tí kò kan ilẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Balùwẹ̀ tàbí páìpù ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Tí ògiri bá sì ń rin nígbà ọyẹ́, tí òjò kò ti rọ̀ fún oṣù méjì, ẹ jọ̀wọ́ òjò, kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Páìpù tó ń jò, ilẹ̀ balùwẹ̀ tó sán, tàbí sókáwéè tó ti kún ni kí ẹ máa wá.

Ohun dúdú tó máa ń hù ní kọ̀rọ̀ yàrá àti lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, tí a máa ń sọ pé ògiri bu, èémí àwa fúnra wa lè fà á. Ènìyàn mẹ́fà nínú yàrá kan, fèrèsé tí a tì nítorí ẹ̀fọn àti olè, sítóòfù tó ń se ìrẹsì, aṣọ tútù lórí okùn: gbogbo ooru omi yẹn á lọ lẹ̀ mọ́ ògiri tó bá tutù jù. Ilé ìdáná àwọn ìyá wa, níbi tí wọ́n ti ń fi èéfín yan pupuru lójoojúmọ́, ẹ̀yin ẹ wò ó, ó dú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í bu. Ohun tuntun kan tún ti dé, ìyẹn ẹ̀rọ amúlétutù. Bí ẹnì kan bá ń fi í mú yàrá rẹ̀ tutù tọ̀sán-tòru, ògiri tó pààlà òun àti ẹnì kejì á tutù, ìrì á sì máa sẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnì kejì tí kò ní ẹ̀rọ. Aládùúgbò á máa gbádùn, ìwọ á máa nu ògiri.

Kí ẹ tó pe bíríkìlà, àwọn ìdánwò kan wà tí ẹ lè ṣe fúnra yín, owó wọn kò ju owó ọ̀rá àti téèpù lọ. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí etí àmì omi náà ká, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn òjò mìíràn, ẹ tún wò ó bóyá ó ti kọjá ìlà. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara ní ẹsẹ̀ bàtà kan lóòró àti níbùú, ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ògiri, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí ìrì bá sẹ̀ sí àárín ọ̀rá àti ògiri, inú ògiri ni omi ti ń bọ̀. Bó bá sẹ̀ sí ojú ọ̀rá tó kọjú sí yín, inú afẹ́fẹ́ yàrá ni. Ti páìpù, ẹ sàmì sí ibi tí omi táǹkì dé lálẹ́ nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn, kí ẹ ti ẹ̀rọ omi gbogbo pa. Tó bá wálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń jò níbì kan. Ti balùwẹ̀, ẹ po búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun mọ́ omi, kí ẹ dà á sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ máa ṣọ́ ògiri fún ọjọ́ mélòó kan. Ti òrùlé, ẹnì kan á wà lókè pẹ̀lú omi, ẹnì kan á wà lábẹ́ àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ìsàlẹ̀ páànù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lókè, omi á ṣàn gba orí gbogbo ihò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ kò sì ní mọ èyí tó jẹ̀bi.

Ilé kan wà nínú ìlú yìí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ á jẹ́ kí gbogbo èyí yé yín. Ilé ẹbí ni, yàrá mẹ́wàá, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà láàárín. Bàbá tó kọ́ ọ ti re ibi àgbà ń rè. Àwọn ọmọ ń gbé mẹ́fà, wọ́n fi mẹ́rin yòókù háyà. Ìyá kan tó jẹ́ opó ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bàbá náà, ọmọ ẹgbẹ́ wa ni. Ọwọ́ òsì ni yàrá rẹ̀ wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti yáwó rẹ́ ògiri yàrá náà. Tó bá ti di oṣù Keje, ọ̀dà á bó, ibùsùn àwọn ọmọ á sì máa rùn. Ó dá ìyá náà lójú pé ayálégbé tó múlé tì í, obìnrin tó ń ta oúnjẹ, tó sì ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé, ló ń da omi sí ìdí ògiri òun. Wọn kò kí ara wọn mọ́. Àwọn kan nínú ẹbí ti gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá omi, wọ́n ní òkú ọkọ ló ń bínú. Nígbà tí ìwé ẹ̀yáwó ẹlẹ́ẹ̀kẹta dé, ìgbìmọ̀ ní ká lọ fojú rí ògiri yìí ná. Àwa mẹ́ta la lọ, akọ̀wé pẹ̀lú bíríkìlà kan àti pọ́lọ́ḿbà kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́.

Ìyá náà fẹ́ ká wo ògiri tòun nìkan. Bíríkìlà wa ní, "Ìyá, ẹ má bínú, ògiri tiyín ti sọ tẹnu rẹ̀, ẹ jẹ́ á gbọ́ ti àwọn tó kù." Ayálégbé tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn, ó ní ká wọlé ká wo ohun tó bá wù wá. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní yàrá iwájú, tó ti lẹ táìsì sí ìsàlẹ̀ ògiri tirẹ̀, gbà wá láàyè ní ọjọ́ kẹta. Nígbà tí a sún kọ́bọ́ọ̀dù àti bẹ́ẹ̀dì, tí a ká rọ́bà ilẹ̀, ohun tí a rí ni pé ìlà iyọ̀ kan ṣoṣo ló gba inú gbogbo yàrá márààrún tó wà lọ́wọ́ òsì. Olúkúlùkù ló ń dá tirẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Níbi tí táìsì wà, omi kò rí ọ̀nà gbẹ nísàlẹ̀, ó wá gun òkè táìsì lọ, ó sì ga níbẹ̀ ju ti yàrá opó lọ pàápàá. Lọ́wọ́ ọ̀tún, kò sí ìlà kankan.

A da omi búlúù síbi tí olóúnjẹ ti ń fọ abọ́. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, àwọ̀ búlúù kò yọ lára ògiri ẹnikẹ́ni. Táǹkì kò lọ sílẹ̀ lóru. Bíríkìlà wá mú ọ̀pá rọ́bà gbọọrọ tó kún fún omi, èyí tí wọ́n fi ń wo ilẹ̀ bóyá ó tẹ́jú, ó gbé orí kan sínú ilé, orí kejì síta. Lọ́wọ́ òsì, ilẹ̀ ìta fi ínṣì mẹ́rin ga ju ilẹ̀ inú yàrá lọ! Ẹ̀gbẹ́ títì ni. Gbogbo yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti ń gréèdì láti ọdún yìí wá ló sùn ti ògiri, òrùlé ẹ̀gbẹ́ yẹn kò sì ní gọ́tà, dúrọ́ọ̀mù omi tí a kà lẹ́ẹ̀kan ń já lé yẹ̀pẹ̀ náà lórí. Olóúnjẹ kò jẹ̀bi, òkú kò bínú. Ìyá opó náà fúnra rẹ̀ ló lọ kan ilẹ̀kùn ayálégbé náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tí wọ́n sọ kò kàn wá, ṣùgbọ́n a gbọ́ pé wọ́n ń kíra wọn báyìí.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan obìnrin yẹn, irú rẹ̀ ti pa ọmọ ní ìlú òyìnbó. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ ìtàn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mọ orúkọ ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ènìyàn 28, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ahunṣọ, ti dá owó jọ, tí wọ́n sì ṣí ìsọ̀ wọn ní ọjọ́ 21 oṣù December 1844. Ní ìlú kan náà, ní ọjọ́ 21 oṣù December 2020, ọmọ ọdún méjì kan tó ń jẹ́ Awaab Ishak kú. Ilẹ̀ Sudan ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ògiri ilé tí wọ́n háyà bu gan-an. Láti ọdún 2017 ni bàbá rẹ̀ ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn tó ni ilé. Wọ́n ní kó fi ọ̀dà kùn ún. Wọ́n gbà pé ọ̀nà tí ìdílé náà ń gbà gbé inú ilé ló fà á. Ní oṣù November 2022, adájọ́ tó ń wádìí ikú sọ ọ́ gbangba pé èébu tí ọmọ náà ń mí símú fún ìgbà pípẹ́ ló pa á. Àwọn onílé gbà nígbẹ̀yìn pé àwọn ṣi ìdílé náà dá lẹ́jọ́. Ohun tó ká wa lára jù ni pé ẹgbẹ́ tó ni ilé náà, àwọn ayálégbé àti òṣìṣẹ́ ló jọ ni ín, bíi tiwa níbí. Wọ́n ti wá fi orúkọ ọmọ náà sọ òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2023. Láti ọjọ́ 27 oṣù October 2025, bí ayálégbé ilé irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá fi ẹjọ́ omi tàbí èébu tó lè ṣe ìlera ní jàǹbá sùn, wọ́n gbọ́dọ̀ wádìí rẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Bí ewu bá ti dé tán, láàárín wákàtí 24 ni.

A kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tiwa kò yàtọ̀ sí ti ọmọ tiwọn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ń wú ikọ́ tàbí tí àyà rẹ̀ ń han nínú yàrá tó bu, kó gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, kó sì sọ fún dókítà bí ògiri ṣe rí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ilé ẹbí wa. Wàhálà tó kù ni ti owó. Àwọn ọwọ́ ọ̀tún ní tàwọn gbẹ, kí ọwọ́ òsì lọ tún tiwọn ṣe. Bíríkìlà ló bi wọ́n pé tí ògiri òsì bá wó, ta ni á di òrùlé mú lé ọwọ́ ọ̀tún lórí? Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Wọ́n pín in sí yàrá mẹ́wàá, olórí ẹbí san ti àwọn yàrá tí wọ́n fi háyà, torí òun ló ń gba owó rẹ̀. Nínú ọyẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ilé gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ náà kúrò títí ilẹ̀ ìta fi lọ sílẹ̀ ju ilẹ̀ inú lọ ní ínṣì mẹ́fà. Wọ́n da kọnkéré tó dagun síta, wọ́n ṣe gọ́tà sẹ́nu páànù, wọ́n sì darí omi rẹ̀ lọ sínú gọ́tà títì. Wọ́n họ sìmẹ́ńtì àtijọ́ àti táìsì ẹ̀gbọ́n kúrò. Lẹ́yìn náà, wọn kò ṣe nǹkan kan mọ́.

Ibi dídúró yìí ló máa ń nira jù fún wa. Ní ilẹ̀ òyìnbó, wọ́n máa ń ka oṣù kan fún ínṣì kan kí ògiri tó gbẹ; ọyẹ́ tiwa lè mú un yá jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ di ọjọ́ kan. Ẹni tó bá rẹ́ ògiri tó ṣì tutù, ó ti omi mọ́lé ni. Ilé tí à ń sọ yìí, wọ́n fi ògiri sílẹ̀ ní ìhòòhò láti oṣù December títí di ìparí oṣù March, àwọn àlejò ń rí búlọ́ọ̀kù, ojú ń ti ẹ̀gbọ́n. Wọ́n rẹ́ ẹ kí òjò tó dé gan-an. Òjò ọdún kan ti rọ̀ lé e lórí báyìí. Nínú yàrá mẹ́rin, kò sí àmì kankan. Ní igun kan lẹ́yìn yàrá karùn-ún, ibì kan ṣì ń rin tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. A ti fi pẹ́ńsùlù yí i ká, sókáwéè tó wà nítòsí ibẹ̀ ni a fura sí, a ó sì wò ó nígbà ọyẹ́.

Nítorí gbogbo èyí, ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ti fẹnu kò pé ẹni tó bá fẹ́ owó láti tún ògiri tó ń rin ṣe, ẹni méjì láti inú ìgbìmọ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ wo ilé náà yí po, inú àti ìta, kí á tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé àjọgbé, kí onítọ̀hún bá àwọn tí wọ́n jọ ń gbé sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ilẹ̀kùn yàrá gbogbo lè ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá wá. Àwọn tó jọ ń gbé ilé kan lè para pọ̀ yá owó gọ́tà tàbí ti páànù, kí wọ́n sì ṣe onídùúró fún ara wọn. Gbígbẹ́ ilẹ̀ àti gọ́tà la ó kọ́kọ́ san owó fún. Owó sìmẹ́ńtì àti ọ̀dà á dúró títí ògiri á fi gbẹ.

Àkàbà gígùn kan àti ọ̀pá rọ́bà tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ fún ìlò gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Akápò ló ni kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá mú wọn lọ lọ́jọ́ Sátidé, kó dá wọn padà kí ìpàdé ọjọ́ Mọ́ńdè tó bẹ̀rẹ̀.